Màmá Tí Kò Ṣe Àmín

Bí mo bá gbọ́ tí ìka ta pàó, Ìyá Ìjọ wa ní Monrovia ni mo máa ń rántí. Bí àwọn ará Làìbéríà ṣe ń kí ara wọn nìyẹn: wọn a bọ ara wọn lọ́wọ́, wọn a sì jọ ta ìka. Àwa Yorùbá inú ìjọ náà kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ti Màmá ló máa ń dún jù.

Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ọkùnrin kan tó gbé ìbọn nínú ogun náà ń wá jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Bí a bá ń kí ara wa, gbogbo wa ń kọ ẹ̀yìn sí i. Màmá nìkan, tí ogun pa ọkọ rẹ̀, ló ń lọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan ó dá mi dúró.

"Tíṣà, ìgbà wo lo máa kí arákùnrin yẹn?"

"Ẹ ní sùúrù, Màmá. Small-small."

"Small-small ni Jésù fi kú fún ọ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà kò wá mọ́. Màmá wá a dé Freeport, èbúté ọkọ̀ ojú omi tó ti ń ru ẹrù, ó rí i, ó ní kó padà wá. Ọkùnrin náà fèsì pé Ọlọ́run wa kò fẹ́ òun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, èmi ni wọ́n ní kí n gbàdúrà ìparí. Mo bẹ Ọlọ́run fún ìgboyà àti ìfẹ́. Gbogbo ìjọ ké "Àmín". Màmá la ojú sílẹ̀, ó ń wò mí, kò ṣe Àmín.