Ajá Tí A Kì Í Sọ Pẹ̀lẹ́ Fún

Ìdí táńkì omi ni wọ́n ti rí ajá náà. Àwọn ayálégbé kan ló kó jáde láàárọ̀, wọ́n kó ẹrù wọn tán, wọ́n fi í sílẹ̀ lórí ìso. Okùn náà ti wọ ọ́ lọ́rùn kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ igbe rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò pagbo yí i ká, oníkálùkù ń sọ ohun tó yẹ kí ẹlòmíràn ṣe. Ìyá Aránṣọ mú sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ wá, ó gé okùn náà, ó sì yíjú sílé. Ajá tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ajá. Opó ni, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lókèèrè, ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan ló gba ìdajì yàrá rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló fẹ́ fi ajá ṣe, á ní, "Ó tẹ̀ lé mi ni." Àlejò ló ń pè é.

Àlejò kò tíì mọ igun ilé tán tó fi ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le gbagidi, ẹnu rẹ̀ ń hó, ó ń forí lu ilẹ̀. Ìyá Aránṣọ ká aṣọ tó ń rán lọ́wọ́ sábẹ́ orí rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́," ló ń wí. "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́."

Kí ni èèyàn tún lè wí? Ẹni tó kọsẹ̀, pẹ̀lẹ́ là ń kí i. Ẹni tó ń sunkún, pẹ̀lẹ́ náà ni. Ẹ̀dá tí gìrì gbé ṣánlẹ̀, kí ló tún tọ́ sí i?

Awakọ̀ tó ń gbé yàrá òdìkejì yọjú.

"Ìyá Aránṣọ, wárápá nìyẹn o! Ẹ má jẹ́ kí itọ́ ẹ̀ kàn yín."

"Ó ti kàn mí."

"Ajá là ń ní kó máa ṣọ́ni. Èyí, ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣọ́ ọ."

"Ṣé o fẹ́ wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi ni?"

Awakọ̀ yọ orí padà.

Dókítà ẹranko fún wọn lóògùn, Ìyá Aránṣọ ń fi í pamọ́ sínú ẹran fún un. Gìrì náà dín kù, àmọ́ kò lọ. Ohun tó ba dókítà lẹ́rù ju gìrì lọ ni irun. Irun Àlejò ti ta kókó, ó ti dì bí òwú inú mátíràsì àtijọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni egbò wà, òórùn egbò náà sì ti ń jáde.

"Irun yìí gbọ́dọ̀ kúrò kí egbò lè rí afẹ́fẹ́," ni dókítà wí. "Bí kò bá kúrò, egbò á jẹ ẹ́ dé eegun, á sì pa á."

"Ẹ bá mi gé e."

"Bí n óò bá gé e, àfi kí n fún un lábẹ́rẹ́ oorun. Pẹ̀lú gìrì tó ń ṣe é yìí, bó bá sùn, ó lè má jí. Ẹ̀yin ni kí ẹ rọra máa gé e nílé, kí ojú ẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù ló ń pe gìrì."

Ìyá Aránṣọ wo ajá tí ẹ̀rù ìgbálẹ̀ pàápàá ń bà. Ó dúpẹ́, ó gbé e lọ sílé.

Onígbàjámọ̀ ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ó gbé kílípà rẹ̀ wá.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì gé irun oníbàárà tó ní ìrù rí."

"Ṣe é bí ìgbà tó o bá ń gé tèmi."

"Tiyín ti pá tán. Kí ni n óò rí gé níbẹ̀?"

Ó tan kílípà. Ó kùn bí oyin inú agolo. Àlejò ṣánlẹ̀. Wọ́n pa kílípà, wọn kò tún mú un wá mọ́.

Wọ́n gbìyànjú sísọ́ọ̀sì. Ìyá Aránṣọ di orí ajá mú, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ wí pé, "Pẹ̀lẹ́, Àlejò, pẹ̀lẹ́." Irin kò tíì kàn án tó fi ń gbọ̀n, tó tọ̀ sára. Wọ́n dáwọ́ dúró. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún gbìyànjú, bákan náà ni. Bí ohùn ìyá ṣe ń rọ̀ sí i ni ajá ń gbọ̀n sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ránṣọ lọ, Àlejò sùn sídìí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Ìró ẹ̀rọ náà ló fi ń sùn. Awakọ̀ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ké. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o!"

Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan Àlejò. Ó fò dìde, ó tọ̀ sílẹ̀, ó rá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹsẹ̀ Ìyá Aránṣọ dúró lórí ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ wí pé, "Òwú." Ajá wò ó. Ó tún fi ohùn kan náà wí pé, "Bọ́tìnnì." Ajá mi ìrù díẹ̀. Ó wí pé, "Pẹ̀lẹ́." Eyín ajá bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ara wọn.

Ó wá yé e. Gbogbo ìgbà tí gìrì bá fi í sílẹ̀, tí ara ń ro ó, tí ahọ́n rẹ̀ ti bó, tí kò mọ ibi tó wà, ọ̀rọ̀ tó ń kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn. Ohun tí ìyá ń pè ní oògùn, pàṣán ni létí ajá. Òun fúnra rẹ̀ ló sì fi kọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ pẹ̀lẹ́ nínú yàrá yẹn. Oníbàárà wúkọ́, Ìyá Aránṣọ wò ó níran. Awakọ̀ tiro wọlé.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ ò kí mi?"

"Mo rí ọ."

"Ẹ rí mi, ẹ ò kí mi!"

"Ìka ẹsẹ̀ ẹ wú. Mo rí i."

Awakọ̀ lọ ń sọ káàkiri pé àrùn ajá ti dé orí ìyá. Nígbà tó yá ni onígbàjámọ̀ là á yé e. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe wá ń ṣe é. Ìyá Aránṣọ á jókòó sídìí ẹ̀rọ, á máa fi ẹsẹ̀ wà á láìfi aṣọ sí i. Àlejò á gbé àgbọ̀n lé ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Onígbàjámọ̀ á jókòó sílẹ̀, á máa fi sísọ́ọ̀sì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tú kókó irun lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ máa rán an lọ, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ni mò ń rán?"

"Ẹ̀wù afẹ́fẹ́. Ẹ má gbàgbé àpò."

Onígbàjámọ̀ fi sísọ́ọ̀sì gé ara rẹ̀ níka. Ó gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bu ètè jẹ. "Ó dáa, mo gbọ́ yín," ni àbúrò wí, ó sì fi ìka sẹ́nu.

Díẹ̀díẹ̀, apá òsì mọ́. Abẹ́ gbogbo irun yẹn, ajá náà kò tóbi ju ológbò lọ. Wọ́n fi omi oníyọ̀ fọ egbò, egbò ń gbẹ. Awakọ̀ ní ó jọ ewúrẹ́ tí iná kú mọ́ níbi tí wọ́n ti ń wi í. Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ tí wọ́n yí i sí apá ọ̀tún, ẹ̀rù kankan kò bà á. Ẹ̀rọ ń dún. Sísọ́ọ̀sì kò tíì ṣí. Gìrì dé fúnra rẹ̀, bí òjò tí kò ṣú. Ó fi í sílẹ̀. Kó tó gbórí sókè, òmíràn gùn ún. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn pé bó bá gùn ún léraléra báyìí, ó lè pa á. Onígbàjámọ̀ sáré lọ pe awakọ̀ kó gbé ọkọ̀ wá.

Ó ku ìyá àti ajá. Ọ̀rọ̀ náà kún un lẹ́nu bí omi gbígbóná. Ó fi eyín dè é. Ó fi ẹsẹ̀ kan ti ẹ̀yìn ajá, ó ń fi èkejì wa ẹ̀rọ, nítorí kò ní nǹkan mìíràn tó lè fún un. Ẹ̀kẹta dé. Ó wa ẹ̀rọ títí ẹsẹ̀ tó ti ẹ̀yìn ajá kò fi gbọ́ èémí rẹ̀ mọ́.

Awakọ̀ dé ẹnu ọ̀nà tòun ti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó wolẹ̀.

"Ìyá Aránṣọ, pẹ̀..." Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Onígbàjámọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó mú sísọ́ọ̀sì.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò kí ń dá oníbàárà sílẹ̀ lábọ̀."

Ó gé apá ọ̀tún. Kò sí ẹni tó ń wa ẹ̀rọ. Nígbà tí irun kúrò, gbogbo wọn rí i pé egbò ti dé eegun níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti débẹ̀. Onígbàjámọ̀ gbọn irun kúrò lára sísọ́ọ̀sì, ó fi í lé orí ẹ̀rọ.

Ìyá Aránṣọ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ó gbé ọwọ́ lé orí ajá.

"Pẹ̀lẹ́," ló wí. "Pẹ̀lẹ́, Àlejò. Pẹ̀lẹ́."

Ajá kò gbọ̀n.