Àwọn Márùn-ún Tó Ni Áńbúláǹsì Wa

Ọjọ́ tí màmá mi dákú nílé ìdáná ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé a kì í ṣe ará Houston. Houston ló wà nínú àdírẹ́sì wa. Òun náà ni mo ń sọ fún àwọn ará ilé lórí fóònù láti ìgbà tí a ti ra ilé sí apá àríwá níbí, lójú ọ̀nà tó lọ sí The Woodlands. Ta ni yóò máa gbé ìlú tí kò ní mọ̀ bóyá inú ìlú lòun ń gbé?

Ọkàn màmá mi ni kò lera. Dókítà ti kìlọ̀ fún wa pé tó bá tún ṣe wọ́n, ká má fi àkókò ṣòfò rárá. Lọ́jọ́ náà, àwo tó bọ́ lọ́wọ́ wọn ò tíì fọ́ tán tí ìyàwó mi ti ń pe nọ́ńbà pàjáwìrì. A dúró, a dúró. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé orí wọn lé itan mi, mo ń kì wọ́n ní oríkì wọn, ìyàwó mi sì ń sáré jáde, ó ń sáré wọlé. Ilé iṣẹ́ panápaná kan wà nítòsí wa tí mo máa ń kọjá níwájú rẹ̀ tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní Pasadena. Mo rò pé ibẹ̀ ni áńbúláǹsì yóò ti yọ, àṣé ibòmíì tó jìnnà ló ti ń bọ̀. Ọlọ́run ló yọ wá tí màmá mi fi padà sílé.

Bí ara wọn ṣe ń mókun ni èmi gbé ìjà ko ọ́fíìsì ìlú Houston. Obìnrin tó gbé fóònù gba àdírẹ́sì mi, ó ní ilé mi ò sí nínú ìlú. Mo ní kí ló ń wí. Ó tún un wí. Mo pe ìjọba káńtì, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ níbí, àwọn yẹn náà ní kì í ṣe àwọn. Ẹni kẹta tí mo bá sọ̀rọ̀ ló là mí lójú díẹ̀. Ó ní àgbègbè wa ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, pé ẹni márùn-ún ló wà níbẹ̀, àwọn ló ń pinnu ibi tí áńbúláǹsì yóò máa dúró sí, owó orí ilé tí mo ń san lọ́dọọdún ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Mo bi í pé ta ló yàn wọ́n.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni."

Èmi kẹ̀? N kò mọ ìkankan nínú wọn.

Mo lọ sí ìpàdé wọn. Yàrá kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ panápaná yẹn gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é. Mo wọ kóòtù, mo rò pé èrò yóò pọ̀. Àga ló pọ̀, èmi nìkan ni mo jókòó. Ọ̀rọ̀ táyà ni àwọn márùn-ún náà ń sọ. Nígbà tó yá, wọ́n fún mi láyè, mo sọ ti màmá mi, wọ́n sì bá mi kẹ́dùn. Wọ́n ní àwọn ti gbé áńbúláǹsì tó wà nítòsí wa lọ sí apá kejì tí ilé tuntun ti ń pọ̀ sí i. Wọ́n ní tí kò bá tẹ́ àwa ará àdúgbò lọ́rùn, ìbò ń bọ̀ ní oṣù kọkànlá. Àga méjì ló máa ṣófo, kò sí ti ẹgbẹ́ òṣèlú níbẹ̀, olùdìbò tó bá sì ń gbé àgbègbè náà lè du ún.

Mo ti mọ ẹni tó yẹ. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan wà ní ìjọ wa tí ilé wọn ò jìnnà sí tiwa. Ẹ̀ka pàjáwìrì ni wọ́n ti ṣe nọ́ọ̀sì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, tí wọ́n bá sì ń sọ̀rọ̀, pásítọ̀ pàápàá a máa dákẹ́. A kì í dá irú wọn dúró ní páàkì ṣọ́ọ̀ṣì láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi gbé èso dání, a lọ bẹ̀ wọ́n nílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti dàgbà jù. Inú mi dùn, torí ọmọlúàbí kì í gba oyè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni tó ti ń wá a. A tún lọ, wọ́n ní àwọn á gbàdúrà sí i. Lẹ́ẹ̀kẹta, pásítọ̀ àti àwọn àgbà ìjọ bá wa lọ, àwa ọkùnrin sì dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é, ó dáa, mo gbà."

Pásítọ̀ gbàdúrà, wọ́n gbé ráìsì wá, a jẹun. Mo wakọ̀ lọ sílé bí ẹni tó ti wọlé ìbò. Láti ọjọ́ náà, kò sí ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá nítòsí wa tí a ò sọ fún pé kí wọ́n dìbò fún ẹ̀gbọ́n.

Nígbà tí ọjọ́ ìdìbò pé, màmá mi múra bá wa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọn ò lè dìbò. Orúkọ àwọn adájọ́, tí wọ́n ń dìbò yàn níbí, kún ojú ẹ̀rọ ìdìbò. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí mo fi dé òpin, n kò rí ẹ̀gbọ́n. Mo padà sẹ́yìn, mo tún un wá. Mo pe òṣìṣẹ́ ìbò, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ìbò yẹn ò sí. Àwọn méjì tó wà lórí àga nìkan ló forúkọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó bá wọn du ú, wọ́n ti fagi lé ìbò náà, àwọn méjèèjì sì ti wọlé padà. Ìbò wo ni ènìyàn ń wọlé sí láìsí ìbò? Mo yí orí, mo rí ẹ̀gbọ́n nídìí ẹ̀rọ kejì. Wọ́n ti wọ awò ojú, wọ́n ń wá orúkọ ara wọn.

Níta, mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò lọ forúkọ sílẹ̀ ni?"

Wọ́n wò mí. "Ṣé èmi ni màá fúnra mi lọ sọ pé èmi ló yẹ? Ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀ mí, mo ti rò pé ẹ ti gbé orúkọ mi lọ."

Pásítọ̀ rò pé èmi ni. Èmi rò pé ẹni tó gbà láti ṣe nǹkan á lọ ṣe é. Láti ìgbà ooru ni àkókò àtiforúkọsílẹ̀ ti parí, a ò tiẹ̀ gbọ́.

Síbẹ̀, ọkàn mi ń sọ pé èrú ni wọ́n ṣe. Mo padà lọ sí ìpàdé wọn láti wá ìjà. Bàbá òyìnbó kan, ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn, sìn mí dé ibi mọ́tò mi. Ó ní ó ti rẹ òun, òun ti ń retí ẹni tó máa gba àga náà lọ́wọ́ òun, àmọ́ kò sẹ́ni tó yọjú. Ó ní kí n mú ẹni mi wá lọ́jọ́ iwájú, òun á bá a gbé pátákó ìpolongo rẹ̀ síwájú ilé òun. Mo jókòó sínú mọ́tò, n kò mọ ẹni tí màá bínú sí mọ́.

Màmá mi ò tíì sùn. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Wọ́n ní, "Ta ló lọ bẹ àwọn márùn-ún yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n, màmá. Àwọn fúnra wọn ló lọ forúkọ sílẹ̀."

"Ojú ò tì wọ́n?"

Mo ní ó jọ pé kò tì wọ́n. Wọ́n wá bi mí pé ìgbà wo ni ìbò mìíràn. Mo ní ó di ọdún méjì. Wọ́n rọra gbé ọwọ́ lé àyà wọn.

"Ó dáa. Ìwọ bá mi bẹ ọkàn mi, kó dúró dè yín."