Kọ́kọ́rọ́ Tí Mo Gbà Padà

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, n kò sì fi ọwọ́ sí ìwé kankan rí láìkà á dé ìsàlẹ̀. Ìwà yìí ni mo fi ń yangàn. Òun náà ni ó jẹ́ kí n pàdánù obìnrin kan tí n kò tíì rí irú rẹ̀ mọ́.

Opó ni, ọmọ Ìgbò, ó sì dàgbà jù mí lọ. Ògiri kan ṣoṣo ni ó pín ilé wa níyà ní Onitsha. Nígbà tí ogun ń bọ̀, tí èmi àti ọkọ mi kó àwọn ọmọ sá padà sí Ìbàdàn, ọwọ́ rẹ̀ ni a fi kọ́kọ́rọ́ ilé sí. Kò pẹ́ tí òun náà fi sá kúrò nílùú. Ó so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ okùn dúdú kan, ó gbé e kọ́rùn, ó sì gbé e la igbó àti àgọ́ kọjá títí ogun fi parí. Nígbà tí a padà dé, ilé wa kò ní òrùlé, kò sì ní ilẹ̀kùn. Ó bọ́ okùn náà lọ́rùn, ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

"Nne," ni ó wí, bí àwọn Ìgbò ti ń pe obìnrin tí ó bá wọ̀ wọ́n lọ́kàn, "ilẹ̀kùn ni n kò lè gbé."

A rẹ́rìn-ín títí a fi sunkún. Nígbà tí a tún ilé kọ́, a fún un ní ọ̀kan nínú àwọn kọ́kọ́rọ́ tuntun. Okùn dúdú yẹn náà ni ó so ó mọ́. Òun ni ó ń ká aṣọ wa wọlé bí òjò bá ṣú. Òun ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ mi bí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, tí èmi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Èdè rẹ̀ ni àbíkẹ́yìn mi kọ́kọ́ fi sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni owó epo dé. Ọkọ mi, tí ó ń ta aṣọ, ra tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ará àdúgbò ra tiwọn, àwọn olè sì gbọ́. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ọkùnrin kan tí ó so táì wọlé wá. Ó ní ilé iṣẹ́ òun ń fi aago ìdágìrì sí ilé àwọn ènìyàn pàtàkì lọ́fẹ̀ẹ́: bí àlejò bá ṣílẹ̀kùn, aago náà yóò ké tí gbogbo òpópónà yóò gbọ́.

"Ọ̀fẹ́?" ni ọkọ mi bi í. "Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo mọ̀ tí ń lu aago fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn náà á sì gbégbá ọrẹ kiri."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí Màdámù ka ìwé rẹ̀. Mo rí i pé ọ̀mọ̀wé ni wọ́n."

Gbólóhùn yẹn ni ó rà mí. Mo ka ìwé náà, ojú ewé mẹ́rin. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tí kì í gbé inú ilé kò gbọdọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ mi ní kí n gbójú fò ó.

"Ta ni yóò wá yẹ ọrùn ìyá náà wò?"

Mo dá a lóhùn pé n kì í fọwọ́ sí ohun tí n kò ní mú ṣẹ.

Mo mú ìwé náà dání lọ bá ìyá náà. Mo kà á sí etí rẹ̀, mo sì túmọ̀ rẹ̀ sí Ìgbò, bí ẹni tí ń kọ́ kíláàsì. Ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbójú sókè títí mo fi parí.

"Ta ni ó kọ ọ́?"

"Ilé iṣẹ́ náà ni, Mama."

"Ṣé wọ́n mọ̀ mí?"

"Rárá, Mama. Gbogbo ènìyàn ni wọ́n kọ ọ́ fún."

"Ìwọ ńkọ́?"

Mo ká ìwé náà sí méjì. Ó bọ́ okùn náà lọ́rùn. Kókó rẹ̀ ti le. Mo ní kí n bá a tú u, ó gbọ́wọ́ mi kúrò. Nígbà tí ó tú u tán, ó fi etí ìró rẹ̀ nu kọ́kọ́rọ́ náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì dá okùn lásán padà sí ọrùn ara rẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì, n kì í ṣe Nne mọ́. Ó ń kí mi ní Gẹ̀ẹ́sì láti ẹ̀yìn ògiri: "Gúdú mọ́nìn, Màdámù."

Aláǹgbá ni ó sábà máa ń mú aago náà ké. Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ, yóò ya odi. Kí ọdún tó yí po, ilé iṣẹ́ náà ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Iweka Road, a kò sì rí ẹni bi. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ tọ opó náà lọ. Ó fi àga fún mi, ó bu omi fún mi.

"Ojú mi ti ń ṣú, Màdámù," ni ó wí. "Ẹ wá ẹlòmíràn."

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí abúlé. Kò dágbére fún mi. Àwọn aládùúgbò ni ó sọ ọ́. Èmi tí n kì í rìn kánkán lójú pópó, mo sáré dé ibùdókọ̀ Upper Iweka láìwé gèlè. Ó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀. Mo pè é. Ó yíjú, ó kí mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Okùn dúdú náà wà lọ́rùn rẹ̀, kò sí ohunkóhun tí a so mọ́ ọn. Mo di kọ́kọ́rọ́ náà mú nínú ọwọ́ mi títí ọkọ̀ fi ṣí.