Àwo Ìyá Àgbà àti Ọmọrí Rẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọwọ́ ọmọ kankan kì í kan àwo tánńganran ìyá àgbà mi, àfi ọwọ́ tèmi. Mi ò ní ohun mìíràn tí mo lè fi yangàn nígbà náà. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, èmi ń bá àwọn àgbà yan gàrí lábúlé. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá àgbà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á fi oríkì mi pè mí, á ní, "Àkànní, lọ gbé e wá." Gbogbo ọmọ tó wá ṣọdún á sì yà fún mi lọ́nà.

Abúlé kan lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde ni a wà. Bàbá àti ìyá mi ti lọ wá iṣẹ́ sí Èkó láti ìgbà tí mo ṣì ń rákò. Bàbá mi rí iṣẹ́ awakọ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, ó sì rí ilé gbà ní Festac. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Títí, àbúrò mi, sí. Èmi dúró ti ìyá àgbà, nítorí òun nìkan ló kù nílé, ó sì fẹ́ ẹni tí yóò máa rán níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwo náà ṣe rí. Ó jinnú, ó sì funfun. Wọ́n fi ọ̀dà tó dúdú bí aró ya òdòdó àti ẹyẹ sí i lára. Ó ní etí méjì tí a fi ń gbé e. Ó ní ọmọrí, kókó orí ọmọrí náà sì rí bí èso kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹyẹ tó wà lára àwo, ìrù rẹ̀ ò parí síbẹ̀. Ara ọmọrí ni ìrù náà ti parí. Ìyá ọkọ ìyá àgbà ló fún un lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ, ẹni yẹn náà sì gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á, àti òyìnbó tó tà á fún un, a ò mọ̀ wọ́n. Ohun tí a mọ̀ ni pé orí tábìlì ló ń gbé lọ́jọ́ ọdún, ìkọ́kọrẹ́ ló sì ń wà nínú rẹ̀. Bí ìyá àgbà bá ṣí i, èéfín á rú, òórùn epo àti ẹja gbígbẹ á gba gbogbo pálọ̀.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, lórí aṣọ tí a ṣẹ́ po kí ó má baà kan ilẹ̀. Ìyá àgbà á dúró lẹ́yìn mi, á máa wí pé, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko." Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ ọdún kan. Wọ́n ní kó fi ìka kan kanlẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, títí ìkọ́kọrẹ́ fi jinná. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tí ìyẹn máa ń ṣe fún ẹ̀yìn ọmọdé.

Nígbà tó yá, bàbá mi ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú mi wá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Mo ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyá àgbà ní àwo náà ń bá mi lọ. Ó ní, "Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Ìyá rẹ ló kàn. Ìwọ ni kó o gbé e lé e lọ́wọ́, nítorí ìwọ ni àkọ́bí rẹ̀."

Ẹ wo bí ó ṣe dì í. Àpò gàrí méjì ni mo fẹ́ gbé lọ, ńlá kan, kékeré kan. Ó da gàrí sí ìsàlẹ̀ èyí tó kéré, ó gbé àwo lé e, ó da gàrí sínú àwo náà, ó dà á yí i ká, ó sì dà á bò ó. Ó ń mi àpò náà díẹ̀díẹ̀ kí gàrí lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ẹnu rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi í sínú èyí tó tóbi. Ó ní, "Olè kì í wo kékeré." Ọmọrí, ó fi ìró rẹ̀ kan tó ti gbó wé e, ó tì í sáàárín àwọn aṣọ mi. "Àwo àti ọmọrí kì í wà nínú ẹrù kan náà lọ́jọ́ ìrìn àjò," ló wí. "Bí ọ̀kan bá sọnù, èkejì á wá a lọ."

Ẹ̀gbọ́n kan lábúlé wa tó ń lọ sí Èkó ló mú mi lọ́wọ́. Mo bì lọ́nà. Ara mi ti gbóná kí a tó dé Festac nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo ohun tí mo rántí ni iná títì tó tò lọ rẹrẹ, àti ọwọ́ ìyá mi tó tutù níwájú orí mi. Ibà dá mi dùbúlẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ẹni tí àlejò rẹ̀ bá ti oko dé, ojú gbogbo ará ilé wà lára ẹrù àlejò náà. Bí wọ́n bá rí àpò gàrí tó wọlé, tí wọn ò rí ìkan tó jáde, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi gbé àpò kékeré náà fún Màmá Ṣọlá tó ń gbé lókè wa, tó máa ń bá a mójú tó Títí bó bá lọ sọ́jà. Kò tú u wò. Bí wọ́n ṣe rán ẹnu rẹ̀ dáadáa ló mú kó dà bí ohun tí a ń fi tọrẹ.

Nígbà tí ibà náà lọ, mo tú ẹrù mi, mo rí ọmọrí, mo sì béèrè àpò kékeré.

"Mo ti fi ta Màmá Ṣọlá lọ́rẹ," ni ìyá mi wí. "Àbí gàrí tó o jẹ lóko ò tíì tó ọ ni?"

Mo ṣí aṣọ kúrò lára ọmọrí, mo fi hàn án. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Yéè! Àwo tí wọ́n fi gbé oúnjẹ fún mi lọ́jọ́ tí mo wọlé bàbá rẹ!"

A gun òkè lọ. Màmá Ṣọlá pàtẹ́wọ́. "Háà, Màmá Títí! Dókítà mà ti ní kí Dádì Ṣọlá má fẹnu kan gàrí mọ́. Bí ẹ ṣe gbé e fún mi ni mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi l'Álákijà, mi ò tilẹ̀ tú u." Ó wá wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ọmọ ọ̀dọ̀ tuntun lẹ gbà ni?"

"Ọmọ mi ni. Àkọ́bí mi."

"Ṣé Títí kọ́ ni àkọ́bí yín ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ṣe mí ju ibà lọ.

Ẹsẹ̀ ni a fi rìn lọ sí Alákijà. Festac mọ́ nígbà náà. Wọ́n ti gé koríko ẹ̀bá títì, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú ilé, àwọn mìíràn ń ṣe súwé, omi sì ń yọ nínú ẹ̀rọ. Mo di ọmọrí náà mọ́ àyà. Ìyá mi ní kí n gbé e fún òun, mo ní rárá, èmi ni ìyá àgbà gbé e fún.

Ẹ̀gbọ́n Màmá Ṣọlá gbà wá tọ̀yàyà tọ̀yàyà. A ò tíì jókòó tí mo fi rí i: àwo wa, láàárín tábìlì, lórí aṣọ tí wọ́n fi òwú hun, wọ́n ki òdòdó oníke sínú rẹ̀. Ìyá mi kí i títí, ó wá fọgbọ́n ní, "Mà, àwo yìí mà dára o."

"Ẹ̀yin náà rí i!" ni ìyá náà wí. "Iṣẹ́ ìyanu ni o. Mo ní kí n bu gàrí, ọwọ́ mi kan nǹkan, mo fà á, àwo! Mo ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá. Pásítọ̀ ní kí n tún un sọ, gbogbo ìjọ pariwo halelúyà."

"Ẹ má bínú, mà. Àwa la ni gàrí náà. Àwo wa ni."

"Gàrí ni tiyín. Nígbà tí ẹ gbé e fún àbúrò mi, ṣé ẹ mọ̀ pé àwo wà níbẹ̀?"

Ìyá mi ò mọ̀ lóòótọ́. Ìyá náà nawọ́ sókè. "Ẹ wá rí i! Ọlọ́run ló fi síbẹ̀."

Ìyá mi wo ọmọrí tó wà láyà mi. Ó wá ní, "Ó dáa, mà. Ọmọrí rẹ̀ ńkọ́? Ọlọ́run tí mo mọ̀ kì í fún èèyàn ní àwo kó gbàgbé ọmọrí."

Mo dìde. Mo yọ òdòdó oníke náà, mo rọra tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Mo tú ìró ìyá àgbà, mo gbé ọmọrí lé àwo, mo sì ń yí i díẹ̀díẹ̀ títí ìrù ẹyẹ fi bá ara ẹyẹ. Ó dún kẹ́. Ó jókòó.

Ìyá náà tẹjú mọ́ ìrù ẹyẹ yẹn. Lójijì ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo kú o! Kí ni mo fẹ́ lọ wí fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀?"

"Ẹ wí fún wọn pé ọmọrí ti dé," ni ìyá mi wí.

Ìyá náà fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwo náà lé mi lọ́wọ́. Ó bi ìyá mi léèrè orúkọ mi. "Wálé ni. Àkọ́bí mi. Òun ni wọ́n fi àwo náà rán."

"Màmá Wálé," ni ìyá náà wí, "ọmọ yín mọ iṣẹ́ jẹ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kí ẹnikẹ́ni l'Ékòó fi orúkọ mi pe ìyá mi. Kò pẹ́ tí Màmá Ṣọlá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyá mi se ìkọ́kọrẹ́, ó bù ú sínú àwo náà. Èmi ló kọ́kọ́ bù fún.

Nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́, díẹ̀ ló kù kí n ga tó tíṣà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Bàbá. Kò dùn mí. Mo ti mọ ẹni tí mo jẹ́ nílé.

Ìyá mi fún èmi àti ìyàwó mi ní àwo náà nígbà tí a ṣe ìgbéyàwó. Àwa méjèèjì nìkan ló ń fọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti di olóògbé, èmi nìkan ni. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ náà ni, lórí aṣọ tí a ṣẹ́ po.

Lóde òní, inú ike ni wọ́n ń gbé oúnjẹ wá. A ó jẹ ẹ́ tán, a ó sọ ike nù. Omi ẹ̀rọ Festac ti dákẹ́, géètì sì ti pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń rí àpò gàrí tó wọlé aládùúgbò mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní pa irọ́ pé ayé àtijọ́ ló dára jù nínú ohun gbogbo. Ọmọ mi Bímpé ti jókòó ní kíláàsì kí ó tó lè so okùn bàtà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni lónìí.

Láìpẹ́ yìí ló lọ ṣiṣẹ́ ní Kánádà. Ó ra fóòmù wá, ó fẹ́ di àwo náà lọ. Ọmọrí nìkan ni mo gbé fún un, mo fi ìró ìyá rẹ̀ wé e.

"Ọmọrí lásán, Dádì? Kí ni mo fẹ́ fi í bò lọ́hùn-ún?"

Mo sọ ohun tí ìyá àgbà wí lọ́jọ́ ìrìn àjò tèmi fún un. Ó tì í sáàárín àwọn aṣọ rẹ̀.

Àwo náà wà lórí tábìlì mi ní Festac báyìí. Àwọn tó bá wá kí mi máa ń ní, "Bàbá Bímpé, àwo tó dára tó báyìí, kò yẹ kí orí rẹ̀ wà ní òfìfo. Ẹ jẹ́ kí a bá yín wá ọmọrí kan."

Mo máa ń sọ fún wọn pé ó ní ọmọrí. Ó lọ sí ìrìn àjò ni.