Buráùn Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Owó bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kan ṣoṣo lónìí yóò ra ìrẹsì àti ẹran fún èèyàn méjì ní àdúgbò Adébáyọ̀. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, náírà kan la fi ń ra mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣà wọ́n nínú igbó, a ó sì rí ṣéńjì ra àkàrà. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tí mo ti ń ṣe kòóṣì gọ́ọ̀fù l'Ádó sọ pé gọ́ọ̀fù ti wọ́n jù, n kò bá a jiyàn. Ohun tó sọ tẹ̀lé e ló bí mi nínú.

"Bàbá, ọmọ mẹ́rin péré lẹ ní, ẹ ò sì ní koríko tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lé. Tí ẹ bá ṣe ìkẹyìn nínú ìdíje oṣù tó ń bọ̀, a máa pa ẹgbẹ́ yín rẹ́."

"Ẹ fún mi ní ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìdáná," mo ní.

"Kí lẹ fẹ́ gbìn síbẹ̀?"

"Ihò."

Láyé ọjọ́un, àwa mẹ́rin tá a bẹ̀rẹ̀ gọ́ọ̀fù ní yunifásítì wa kò ní koríko náà. Yanrìn la pò mọ́ epo ẹ́ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ tán, a tẹ́ ẹ yí ihò ká. Buráùn la ń pè é, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Kí o tó gbá bọ́ọ̀lù lé e, wàá kọ́kọ́ fa àpò ìdọ̀họ kọjá lórí rẹ̀, kí ipa ẹsẹ̀ lè parẹ́.

Nígbà tí ọ̀gá fún mi nílẹ̀ náà, mo lọ bá àwọn mekáníìkì Òkè-Ìlá. Wọ́n bu epo dúdú fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀kan béèrè pé, "Bàbá, ṣé dòdò lẹ fẹ́ fi dín ni?" Èmi àtàwọn ọmọ pò ó mọ́ yanrìn lẹ́yìn ilé ìdáná títí ọwọ́ wa fi dúdú.

Ọjọ́ ìdíje pé. Koríko àwọn tó gbà wá lálejò tutù minimini. Bó ṣe kan ọmọ wa obìnrin, ọmọ télọ̀ kan ní Ìgèdè, ó yọ àpò ìdọ̀họ látinú báàgì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lórí koríko wọn! N kò rántí sọ fún un pé buráùn nìkan la ń fà á lé.

"Ẹ gbà wá o, ó ń nu ilẹ̀!" ni àwọn òǹwòran ń ké. Àwọn adájọ́ fìyà jẹ wá nínú máàkì. Ọ̀gá wa bojú. Ọmọ náà ká àpò rẹ̀, ó fi há abíyá, ó gbá bọ́ọ̀lù wọnú ihò, ó sì wo gbogbo wọn lójú.

A ò gba ipò kìíní. A ò gba ìkejì. Ṣùgbọ́n àwa kọ́ la ṣe ìkẹyìn; ẹgbẹ́ kan wà lẹ́yìn wa.

"Owó ò sí o, Bàbá," ni ọ̀gá wí nínú ọkọ̀.

"Ta ló béèrè owó? Ẹ má ṣáà fọwọ́ kan yanrìn mi."

Mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún àwa mẹ́rin àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ru yanrìn ti kú. Ẹni tó ń tọrọ epo náà ti kú, mo wà níbi ìsìnkú rẹ̀. Ẹni tó ń fa àpò wà láàyè ní Ìgèdè, ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó rẹ́rìn-ín lórí fóònù títí ikọ́ fi gbé e. Èmi náà wà. Mo ń lọ po epo mọ́ yanrìn lọ́la.