Ọ̀rọ̀ Kóòṣì Tí Mo Gbọ́ Bí Mo Ṣe Fẹ́

Àwọn tó mọ̀ mí ní Badagry mọ̀ pé ìdí mi kì í gbé orí àga bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́. Ńṣe ni mo máa ń rìn síwá sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ọkọ̀ ẹja ni mo ń wà kí wọ́n tó fi mí ṣe máníjà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ. Èmi ni mò ń wá bọ́ọ̀sì, èmi ni mò ń ra omi, èmi ni mò ń fọwọ́ sí ìwé rẹfirí. Kóòṣì ló ń yan ẹni tó máa gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bá a yàn wọ́n.

Ọmọ Ègùn ni Kóòṣì, ará Apa. Ọdún méjì ló fi kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti Ikoga àti àwọn abúlé etí ọ̀sà, tó ń mú wọn sáré lórí iyanrìn etí òkun kí ẹsẹ̀ wọn lè gbó. Ó ní tó bá di ọdún kẹta, a ó rí i. Ọmọ ọ̀la ló máa ń pè wọ́n. Ṣùgbọ́n Alága tó ni ẹgbẹ́ kò lè dúró de ọdún kẹta. Nígbà tí sáà dé ìdajì, ó lọ kó àgbà agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin wá, àwọn tó ti jẹun bọ́ọ̀lù dé Kútọnù. Orúnkún wọn ń han bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ojú àwọ̀n.

Kóòṣì ní, "Alága, ẹni tó bá bẹ́ àgbọn tútù mu, kó má retí epo lára rẹ̀ mọ́."

Alága ní, "Òǹgbẹ ló ń gbẹ mí, Kóòṣì."

Bó ṣe rí nìyẹn títí ó fi ku ìdíje kan ṣoṣo. Bí a ò bá borí, a máa já wálẹ̀ nínú líìgì, Alága sì ti búra pé ọjọ́ tí a bá já lòun máa tú ẹgbẹ́ ká. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n Kóòṣì obìnrin kú ní Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ibodè, ó sì di dandan kó lọ sin ín. Ní Ọjọ́bọ̀, a fi àwọn àgbà kojú àwọn ọ̀dọ́ láti fi dánra wò. Àwọn àgbà ló borí. Láàárọ̀ Jímọ̀, mo pe Kóòṣì. Ohùn rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde.

"Kóòṣì, àwọn wo ni kó gbá a lọ́la?"

"Àwọn ti osọ. Máníjà, má yí i padà o. Àwọn ti osọ..."

Ó já.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lédè Ègùn, egbe ni òní. Ṣùgbọ́n àná àti ọ̀la, osọ ni méjèèjì ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé e lèèyàn fi ń mọ èyí tí wọ́n ń wí, èyí tó tẹ̀ lé e sì ti bọ́ sínú ọ̀sà. Ta ló borí lánàá? Àwọn àgbà. Ta sì ni ọmọ ọ̀la? Ewúrẹ́ inú ọgbà wa mọ̀ ọ́n. Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò tún pè é. Bí mo bá pè é, á dá mi lóhùn. Ìdí tí mi ò fi pè é nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí. Kò sẹ́ni tó ń pe awakọ̀ ẹja ní Máníjà.

Mo kọ orúkọ àwọn àgbà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́, agbábọ́ọ̀lù iwájú tó ga bí igi àgbọn, wo ìwé náà, ó wò mí.

"Bàbá, ṣé Kóòṣì ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ."

Irọ́ kọ́ o. Ṣùgbọ́n mo yára lọ ra omi.

A borí, góòlù kan sí òdo. Pẹnáritì ni. Ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo sá sí nígbà tí wọ́n fẹ́ gbá a; ariwo ni mo fi mọ̀ pé ó wọlé. Alága dì mọ́ mi, ó ní Kóòṣì ti gbọ́n wàyí.

Kóòṣì dé ní ọjọ́ Ajé.

"Osọ wo lo gbọ́?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni..."

"Mo ní osọ wo."

"Ti àná."

"O ò sì bi mí." Ó mú fèrè rẹ̀, ó lọ.

Kí ìsinmi sáà tó parí, àwọn ọ̀dọ́ náà ti tú ká, àwọn kan sọdá ibodè, àwọn kan lọ sí àwọn ìlú òkè. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì, ẹni tó kéré jù lórí pápá ti bí ọmọ mẹ́ta. Alága ń bi mí pé níbo làwọn ọmọ yẹn wà, bí ẹni pé èmi ni mo kó wọn pamọ́.

Mo wá Kóòṣì lọ sí Gbaji, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Mo dọ̀bálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí wa dọ́gba.

Ó ní, "Dìde, ò ń ba iyanrìn mi jẹ́. Ta ni Alága rò pé ó yan àwọn àgbà yẹn?"

"Ìwọ. Ó ń yìn ọ́ káàkiri."

"Lọ sọ fún un pé ìwọ ni. Kó o tún sọ fún un pé fún ọdún mẹ́ta, kó má bi mí pé ipò kelòó la wà. Bó o bá sọ méjèèjì, mà á wá."

Lórí ọ̀kadà, mo ń ka ọ̀rọ̀ náà sórí bí ọmọ kéú. Nígbà tí mo dé iwájú Alága, mo ń rìn síwá sẹ́yìn débi pé ó bi mí bóyá mo fẹ́ lọ tọ̀. Mo sọ ọ́ tán.

"O mọ̀ pé mo lè lé ọ lọ?"

"Mo mọ̀, sà."

"Bí a bá wá já láàárín ọdún mẹ́ta yẹn ńkọ́?"

"A ó já, sà."

Ó ní, "Pè é."

Mo pè é. Bí Kóòṣì ṣe gbé e, mo na fóònù sí Alága, mo sì bọ́ síta. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan tún gba ọ̀dọ̀ mi kọjá láàárín àwọn méjèèjì.