Ẹ̀rọ Amúlétutù Tó Ń Fẹ́ Ooru

Mo rántí ooru yàrá náà kí n tó rántí ohunkóhun mìíràn. Ìgbà ẹ̀rùn ni, ní Òmù-Àrán, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tán ní Ìlọrin, mo wá ń gbé àpótí irinṣẹ́ mi kiri bíi dókítà. Bàbá mi, àgbẹ̀ paraku ní Èsìẹ́, kò gbà pé iṣẹ́ gidi ni. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni kò bá fọkàn tán ọwọ́ mi kí iṣu tuntun tó jáde, kí n padà wá kọ ebè.

Ibẹ̀ la wà tí ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa fi ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó ló ra ẹ̀rọ fún un, tó ní kí wọ́n dè é mọ́ ògiri, tó sì padà lọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ooru. Ọmọ náà ń bọ̀ ní Sátidé. Bí kò bá tíì tutù, yóò mú oníṣẹ́ wá láti Èkó. Kí ni mo fẹ́ wí fún bàbá mi nígbà náà?

Bí mo ṣe dé, mo rí kíjìpá tó nípọn, tí ìyá hun fúnra rẹ̀, tó rán yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó yọ síta ká pinpin. Mo tilẹ̀ ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o!" Ọ̀mọ̀wé èmi!

Mo wọlé, mo tú ojú ẹ̀rọ, mo fọ asẹ́ rẹ̀, mo yẹ wáyà wò, mo ń dárúkọ nǹkan lédè òyìnbó kí ìyá lè mọ̀ pé mo kàwé. Mo tàn án. Ooru! Mo tún un tú. Ooru náà ni. Ìyá ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi, ìtìjú sì fẹ́ pa mí. Mo jáde lọ gbatẹ́gùn, mo fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ni kíjìpá bá jó mi léjìká. Yéè! Ooru tó yẹ kó jáde síta, abẹ́ aṣọ ló há sí.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ fi wọṣọ fún un?"

"Ọmọ mi ló rà á. Ṣé kí eruku wá bà á jẹ́ ni?" Ojú rẹ̀ yí padà. "Àbí èmi gan-an ni mo bà á jẹ́?"

"Ẹ ò bà á jẹ́, Màmá. Èmi ni mo rí i tí mo ń yìn ín."

A jọ tú òwú rẹ̀. A pa ẹ̀rọ, a dúró kí ara rẹ̀ tutù, mo wá tàn án. Nígbà tó yá, òtútù dé, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jó. Ní Sátidé, ọmọ bá ìyá rẹ̀ lórí àga, ó fi kíjìpá yẹn bora, ó ń sùn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ìlú ti ń pè mí.

Mo ti dàgbà sídìí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yìn ilé ni mo máa ń kọ́kọ́ yà sí báyìí. Nígbà tí mo ra ẹ̀rọ fún bàbá mi, wọ́n ní kò tutù. Mo sáré dé Èsìẹ́, mo yà sẹ́yìn ilé, mo bá àpò tí wọ́n fi ń kó iṣu lára rẹ̀, wọ́n fi okùn dì í gírígírí. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Bàbá mi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ọmọ mi ló rà á."